Ìbọn Ara Ògiri Ilé Vušurović

Labud Kusovac ní ìbọn ìléwọ́ mẹ́tàdínlógún, kò sì yìn ọ̀kankan nínú wọn rí.

Ìbọn àtijọ́ ni gbogbo wọn, irú èyí tó gùn tó apá ọmọdé, tó wúwo, tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bírí. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá bàbá wa, ọba ilẹ̀ yìí pàṣẹ pé ẹni tó bá ti tó ọkùnrin gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ilé tí kò ní tirẹ̀ lára ògiri fi ṣọ̀wọ́n ní òkè wa. Ọkùnrin á kú, ìbọn á kù.

Labud ń gbé ní Cetinje, nílé kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì mẹ́ta ló kó àwọn ìbọn náà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń jáde, á na fọ́nrán òwú kan sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án. Bí àlejò bá wá, á ka ìbọn kó tó jókòó. Bí àlejò bá lọ, á tún un kà. Ó ti kà á lójú mi rí. Èmi ni àlejò náà.

Èmi ni mo máa ń tún wọn ṣe fún un. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tún àgádágodo àti ìbọn ṣe ní ìlú yìí.

Àwọn ará ìlú kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ó ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Kotor. Wọ́n ní àwọn opó ló ń rẹ́ jẹ. Àwọn tó ń ta ayò ní iwájú ilé ọtí sọ ọ́ ní Ọ̀gágun Tí Kò Rógun, bó bá sì ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn á dìde kí i bí ọmọ ogun. Ọlọ́pàá wá yẹ ilé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn mẹ́tàdínlógún, ìwé mẹ́tàdínlógún. Wọ́n mu kọfí, wọ́n lọ.

Ohun tó ń wá kò ju ìbọn kan ṣoṣo lọ.

Bàbá bàbá rẹ̀, Andrija Kusovac, kú lójú ọ̀nà òkè nígbà òtútù ọdún 1942. Wọ́n yìnbọn pa á ni. Ẹni tó yìn ín, a kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Blažo Vušurović ló rí òkú rẹ̀ nínú yìnyín, tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn wá sílé. Òkú dé ilé. Aago rẹ̀ dé ilé. Àpò tábà rẹ̀ dé ilé. Ìbọn rẹ̀ kò dé.

Kum ni ilé Kusovac àti ilé Vušurović. Ìyẹn ni pé ilé kan ló máa ń gbé ọmọ ìkejì lọ́wọ́ nígbà ìsàmì, láti ìran dé ìran. Kum ju ẹ̀jẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa. O lè bá ọmọ ìyá rẹ jà kí ẹ sì parí rẹ̀. A kì í pe kum ní olè.

Ìyá bàbá Labud kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ìgbà tó ń kú lọ ló pe Labud. Ó ní, "Lábẹ́ èkù ìbọn yẹn, lápá òsì, bàbá bàbá rẹ fi ìṣó fín àgbélébùú kan àti ọdún tí wọ́n bí bàbá rẹ sára irin rẹ̀."  Ó ní, "Blažo nìkan ló débẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni Labud ti ń ra ìbọn. Bó bá ra ọ̀kan, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá tààrà. Màá tú síkúrù èkù, màá ṣí ti apá òsì, a ó wò ó. Màá ní, "Kò sí nǹkan, Labud." Á ní kí n dé e padà. Á gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mẹ́tàdínlógún ṣe pé nìyẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìbọn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, ọkùnrin kan láti ìlú Bar gbé ọ̀kan wá tó ní àgbélébùú lábẹ́ èkù.  Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n fín ń dán bí ẹyọ owó tuntun. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fín in. Labud lé ọkùnrin náà dé ojú títì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ènìyàn mélòó ló mọ ohun tí mò ń wá?"

"Ìwọ àti èmi àti ìyàwó rẹ."

"Èmi ò sọ. Ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó rẹ ni kì í sọ̀rọ̀?"

Ó bá mi yodì fún ọdún méjì. Ìbọn rẹ̀ kan tó bàjẹ́ ló mú un padà wá.

Ìbọn kan wà tí kò lè gbé wá sọ́dọ̀ mi. Ó wà lára ògiri ilé Vušurović ní abúlé Podkrš, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Lúùkù Mímọ́, ẹni mímọ́ tí ilé náà ń ṣọdún rẹ̀. Ọdọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Lúùkù nílé náà, Labud á gòkè lọ jẹun gẹ́gẹ́ bíi kum, á jókòó síbi tó ti lè rí i. Èkù rẹ̀ kì í ṣe eegun bíi ti àwọn yòókù. Igi wọ́núùtì ni. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí kì í jẹ́ kí Labud sùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Lúùkù tó pé, ó wá bá mi.

"Špiro, Mirčeta Vušurović fóònù mi."

Ọmọ Blažo ni Mirčeta. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni.

"Kí ló fẹ́?"

"Ó ní kí n wá kọ ìwé fún ìbọn òun."

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn ọlọ́pàá ti kéde pé ìbọn ara ògiri tí kò bá ní ìwé, kí wọ́n kó o wá kó tó di ọjọ́ Ajé, wọn yóò fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì. Àfi èyí tí ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn bá kọ̀wé pé ti àwọn baba ńlá ilé náà ni, tó sì fọwọ́ sí i. Ní agbègbè wa, ìbuwọ́lù Labud ni wọ́n ń gbà.

"Lọ kọ ọ́ fún un," ni mo wí.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Torí ìwọ nìkan ni wọ́n ń gba ìbuwọ́lù rẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé ó mọ̀ pé mo mọ̀?"

"Kí lo mọ̀?"

"N kò mọ nǹkan kan."

"Á jẹ́ pé òun náà mọ̀ pé o ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí àga iṣẹ́ mi. Ó ní, "Bí mo bá fọwọ́ sí i pé ti Vušurović ni, tó bá wá jẹ́ ti bàbá bàbá mi, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi fún wọn. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ajé wọn á rẹ́ ẹ, n kò sì ní mọ̀ láéláé." Ó nàka sí orí tábìlì iṣẹ́ mi. "Mú sikudiráfà kékeré yẹn dání."

Mo ní rárá. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá fún ọ ní ìbọn ilé rẹ̀ wò, èkù lo máa fi gbà á. Wàá wò ó, wàá ní ó dára, wàá dá a padà. O kò ní yí ilé ọta rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọta wà nínú rẹ̀, torí onílé ti sọ fún ọ pé kò sí. O kò ní fọwọ́ kan síkúrù rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìbọn onílé lójú onílé ti sọ pé òpùrọ́ ló ń gbé níbẹ̀. Láyé bàbá bàbá mi, ènìyàn ti kú sí i.

Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó ní òun mọ̀. Mo mú sikudiráfà dání.

Ọkọ̀ Labud gbé wa gòkè ní ọjọ́ Ẹtì. Òjò ti dá. Jelisavka, ìyàwó Mirčeta, ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó di mọ́ Labud, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta bí agbowó-orí. Labud, o ti gbẹ. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó hàn."

Mirčeta jókòó ní ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Kò lè dìde kíákíá mọ́. "Ọ̀gágun ti dé," ni ó wí. "Jelisavka, kó ọ̀bẹ pamọ́, kó má baà rà á."

Wọ́n gbé ẹran itan gbígbẹ wá, àti wàràkàṣì, àti ọtí àjàrà, àti kọfí. A sọ̀rọ̀ òjò. A sọ̀rọ̀ ìkookò tó pa àgùntàn méjì. A sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wọn tó wà ní Amẹ́ríkà, tí kì í fóònù àfi bí inú rẹ̀ kò bá dùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbọn. Aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá kí Mirčeta tó nawọ́ sí ògiri.

"Gbé e wá, ìyàwó. Gbé ìwé náà wá pẹ̀lú."

Ó gbé e wá nínú aṣọ funfun. Mirčeta gbà á, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó na èkù sí Labud. "Kò sí ọta nínú rẹ̀."

Labud gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ó wò ó síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún. Ó ní ó dára, bó ṣe yẹ kí àlejò sọ. Kò dá a padà.

"Èkù yìí tuntun, Kum."

"Tuntun kẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlélógójì."

"Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Eegun."

"Eegun náà dà?"

"Ajá ló jẹ ẹ́," Jelisavka dá a lóhùn. Nígbà tó rí i pé Labud kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mò ń kun ògiri ni, ó já bọ́, eegun náà fọ́. Mo kó o sínú àpò lábẹ́ àlùbọ́sà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Nikšić."

"Lábẹ́ àlùbọ́sà," Mirčeta wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìbọn bàbá mi fi rùn bí ọbẹ̀."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó tú u, Ìyá?"

"Kí ni n bá dúró wò? Mo lọ ra ọṣẹ."

"Káfíńtà náà ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Labud wò mí. Mo wo wàràkàṣì.

"Gbogbo ẹni tó mọ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ti kú," ni Labud wí.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni Mirčeta bi í.

 Jelisavka bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo tí kò tíì ṣófo.

"Fi àwo sílẹ̀," Mirčeta wí. Ó yíjú sí Labud. "Ọdún méjìdínlógójì lo ti ń wá jẹ ọdún nílé yìí lójú ìbọn. Ojú rẹ kì í sí lára ẹran. Ògiri lò ń jẹ. O rò pé n kò rí ọ? Béèrè lẹ́nu. Kum rẹ ni mí."

Ojú Labud pọ́n. Ó ní, "Ṣé ìbọn bàbá bàbá mi nìyí?"

"Bàbá mi ní rárá. Ó ní ìbọn Andrija kò sí lára rẹ̀ nígbà tóun rí i. Ẹni tó pa á ti mú un lọ."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ ti wo abẹ́ èkù rẹ̀ rí?"

 Igi tó wà nínú sítóòfù dún.

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Mo ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tú u. Mo gbé e kalẹ̀. Bàbá mi ni, Labud. Àwọn ará ibí náà ní ẹnu. Ohun tí ìyá bàbá rẹ sọ fún ọ, ó tó mi létí kí o tó gbọ́ ọ."

Labud di ìbọn mú, kò gbéra. Èmi náà kò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ ọ̀kan ló ń jẹ ìkejì.

"Èmi gba ọ̀rọ̀ bàbá mi gbọ́," Mirčeta wí. "Ìwọ náà, gba tèmi gbọ́. Fọwọ́ sí ìwé, kí a mu ọtí. Bí o kò bá lè gbà á gbọ́, má fọwọ́ sí i, kí wọ́n rẹ́ ẹ, kò burú, kum náà la ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣí i nílé mi."

"Labud, mu kọfí rẹ, ó ti ń tutù," ni Jelisavka wí.

"Ìfura loògùn àgbà, Ìyá."

"Ìwọ ti mu tìrẹ ní àmujù, àbúrò," ni Mirčeta wí.

Mo rò pé ó máa gbé e kalẹ̀. Mo rí i tó ń fìka ra igi èkù náà, lápá òsì, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ òsì sí mi láìwò mí. Ǹ bá lè sọ pé mo gbàgbé sikudiráfà sílé. Mo fún un.

Síkúrù kan péré ni. Ó le. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó jáde. Jelisavka ṣe àmì àgbélébùú, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.  Mirčeta kàn ń wo ọwọ́ Labud.

Labud ṣí igi apá òsì. Ó wò ó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Ó dìde lọ sójú fèrèsé. Ó ṣí ti apá ọ̀tún náà.

"Špiro."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́. Irin náà dúdú bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. Òróró àtijọ́ ti gan sí igun rẹ̀ bí oje igi. Ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan sí i rí. Fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi nǹkan ra á kúrò, torí irin tí wọ́n bá ti ra kì í ní àwọ̀ yẹn mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dá ọ lójú?" ni Labud bi mí.

"Ó dá mi lójú."

"Tún un sọ," ni Mirčeta wí.

Mo tún un sọ. Mo ní ìbọn yìí kò ní àmì kankan, kò sì ní i rí. Mo ní kì í ṣe ti Andrija Kusovac.

Mirčeta fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Jelisavka wá dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn. Ó pẹ́. "Bàbá, ẹ foríjì mí," ni ọkùnrin ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin náà ń wí. "Ẹ foríjì mí."

Nígbà tó nu ojú tán, ohùn rẹ̀ ti padà sípò.

"O ṣeun, Labud. Ǹ bá kú pẹ̀lú iyèméjì yìí nínú mi."

"Kum..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin náà fẹ́ mọ̀."

"Mo fẹ́ mọ̀. Èmi ni ọmọ rẹ̀, n kò ṣí i. Mo ní kí ìwọ náà má ṣí i, o ṣí i. Ohun tí o ṣe fún mi dára. Ohun tí o ṣe sí mi kò dára."

"Ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún Lúùkù, má gòkè wá."

"Mirčeta," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Má bá mi dá sí i."

Labud jókòó. Ó dé igi méjèèjì padà, ó fi síkúrù sí i, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó fi aṣọ funfun nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn. Ó fa ìwé sọ́dọ̀, ó sì kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń kọ̀wé: pé òun, Labud Kusovac, ti ṣí ìbọn yìí, òun ti wò ó, ti àwọn baba ńlá ilé Vušurović ni, ti ẹlòmíràn kọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ déètì.

Mirčeta na ìwé náà jìnnà sójú, ó kà á. "Ó pé," ni ó wí.

Ó yẹ kí a lọ nígbà náà. Labud kò gbéra. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí kì í bá ṣe èyí, èwo ni? Ó wo ògiri tó ti ṣófo. Ó wo àwòrán Lúùkù. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpótí igi ńlá kan lábẹ́ fèrèsé, èyí tí wọ́n ń kó aṣọ òtútù sí. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Mirčeta rí i.

"Ṣé kí n ṣí ìyẹn náà fún ọ?"

Labud dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.